Gòjé Tí Mo Mú Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Táyélolú Baíyéwu ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nídìí iṣẹ́ mi, mi ò sì ní bo orúkọ rẹ̀. Òun ni adarí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ungwan Rimi. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fayolíìnì.

Lọ́dún kan, orin ijó àwọn ará Họ́ńgárì kan ni a fẹ́ fi fayolíìnì ta níbi ìkórè. Àwọn ọmọ ń ta á bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, ó sì gbẹ bíi kúlíkúlí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nígbà kan ní Yúróòpù, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n olórin a máa gba orin lẹ́nu àwọn onífayolíìnì abúlé, níbi ìgbéyàwó àti nílé ọtí, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè gbé bí ìka ṣe ń yọ̀ lórí okùn. Etí ló ń kọ́ni níyẹn.

Níbo ni n óò ti rí ará Họ́ńgárì ní Kaduna? Mo kó wọn lọ sí Doka, sọ́dọ̀ Málàm Sáni tó ń ta gòjé, ohun èlò orin Haúsá olókùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ọrun ta bíi fayolíìnì. Ó gbọ́ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Haba, Màmá! Àwọn ọmọ yìí ń bẹ̀rù okùn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó sunkún.”

Kí oòrùn tó wọ̀, okùn wọn ti ń sunkún.

Ní ìdánrawò, àwọn ọmọ ta á bí Málàm Sáni ṣe kọ́ wọn, Baíyéwu sì dá wa dúró.

“Ìyá Fúnkẹ́, gòjé ilé ọtí lẹ kó wọ ilé Ọlọ́run?”

“Ilé ọtí ni orin náà ti wá, ọ̀gá.”

“Ẹ ti darúgbó. Ẹ máa lọ sinmi.”

Níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́! Bí mo ṣe pàdánù iṣẹ́ ogún ọdún nìyẹn. Wọ́n ta ijó náà ní gbígbẹ. Àwọn ará ìjọ pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Baíyéwu fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ bá Málàm Sáni. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé ó lọ́gbọ́n. Kò dárúkọ mi.

Nígbà tí àìsàn dá Baíyéwu dùbúlẹ̀, mo lọ kí i. Kì í ṣe àánú ló gbé mi lọ. Mo bi í léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní:

“Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ̀yin ni àwọn ọmọ ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ tí mo fi ń darí mọ́.”