Ọ̀nà Odò Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí òórùn aró, àti bí ìkùukùu ṣe máa ń bo àfonífojì Odò Ògùn láàárọ̀, tí orí àwọn àpáta nìkan á yọ síta bí màlúù tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, ìyàwó tuntun ni mí. Papalanto ni wọ́n ti fẹ́ mi wá, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: ẹ̀yìn ilé ọkọ mi l'Abẹ́òkúta dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò débi pé ewúrẹ́ pàápàá máa ń rò ó wò kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Aláró ni Ìyá, ìyá ọkọ mi; odò ni wọ́n ti máa ń ṣan aṣọ tí wọ́n bá rẹ. Ojú wọn ti ń ṣú, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ìyá ní, "Kí n wá jókòó sílé, kí n máa retí ikú?" Ni àwọn ọmọ bá ní kí èmi máa mú Ìyá lọ́wọ́ lọ sódò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tèmi ló yọ̀, Ìyá ló fà mí dúró. "Ìyàwó, ta ló ń mú ta lọ?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà: amọ̀ pupa lókè, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àpáta tó ti jẹrà, tó ń rún wómúwómú, kí a tó kan àpáta gidi tí a ń sá aṣọ lé.

Lọ́dún kejì, òjò ńlá kan wọ́ ilẹ̀ ojú ọ̀nà náà lọ sódò. Nígbà tí a padà débẹ̀, Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n dúró.

"Ibo nìyí?"

Ohùn wọn kéré bí ti ọmọdé. Mo mọ̀ pé bí a bá fi lè padà sílé lọ́jọ́ náà, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láé.

"Òjò ló ṣí ilẹ̀, Ìyá. Àpáta ńlá kan wà níwájú yín, a ò rí i rí."

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n na ọwọ́ tí aró ti pa dúdú, wọ́n ń wá a kiri. Nígbà tí wọ́n kàn án, wọ́n fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ.

"Ẹ kú ilé o," ni wọ́n wí fún àpáta. "Àbí abẹ́ ẹsẹ̀ mi lẹ wà látọjọ́ yìí?"

Omijé bọ́ lójú mi. Ìdí la fi wọ́ dé odò lọ́jọ́ náà, a sì fọ aṣọ aró wa.

Ìyá ti lọ tipẹ́. Orúnkún ń dun èmi náà báyìí, àwọn ọmọ mi sì ní kí n kó wá sọ́dọ̀ wọn ní Òkè-Ìlèwó, níbi tí títì ọlọ́dà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé. Láràárọ̀, mo ṣì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀nà odò náà.