Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Tí Wọ́n Fi San Owó Oṣù

Ìdí omi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Ó gbé garawa lérí. Bàtà aláwọ dúdú tuntun wà ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, bàtà ọkùnrin, ó sì tóbi jù ú lọ; sílípáàsì tó ti já lẹ́ẹ̀mejì ló wà ní ọ̀tún. Mo kí i, mo ní kó má bínú, ẹnìkejì bàtà náà ńkọ́?

"Tíṣà, owó oṣù mi lẹ̀ ń wò yẹn o. Ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà."

Nígbà náà, ọ̀wọ́n gógó ti gba ìlú kan. Ilé iṣẹ́ tó ti ń rán bàtà kò rí bàtà tà mọ́, oṣù méjì sì ti kọjá láìsí owó. Máníjà wá ní bàtà lòun yóò fi san án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí àwọn òṣìṣẹ́ má tà á lọ́pọ̀ lẹ́nu géètì, kí wọ́n ba ọjà òun jẹ́. Ó rò ó títí, ó fún ọ̀wọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ ní bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó kó ti ọ̀tún fún ọ̀wọ́ ọ̀sán. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀wọ́ méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Àga ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹni méjì ló ń lo ẹ̀rọ kan, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì lọ́sàn-án. Èyí a yí àga sókè, èyí a yí i wálẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń pàdé lẹ́nu géètì láìkíra. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá, ìpàdé méjì ni wọ́n ń ṣe. Bí ti òwúrọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, máníjà a ránṣẹ́ pe ti ọ̀sán kí wọ́n tètè dé. Bí ti ọ̀sán bá kọ̀, ti òwúrọ̀ a fi ìdùnnú dúró pẹ́.

Obìnrin náà àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ń gbé yàrá kan, onílé sì ti fún un di òpin oṣù láti san owó ilé tó jẹ. Ó gbé bàtà náà lọ bá a. Baba náà tẹ awọ rẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára o. Ṣé ẹsẹ̀ kan wá ni kí n máa fi fò lọ sípàdé àwọn onílé ni? Tí oṣù bá ti parí, ẹrù rẹ á bá ara rẹ̀ níta."

Òsì àti ọ̀tún tí wọ́n bá gé lára awọ kan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń kọ sínú wọn. Tirẹ̀ jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá. Ó dúró sẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ké nọ́ńbà náà bí ẹni tọ́mọ rẹ̀ sọnù. Ọkùnrin kúkúrú tó ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án ló dá a lóhùn.

"Ìwọ lo ń yí àga mi wálẹ̀!" obìnrin náà ní.

"Àga ta ni? Ìwọ tó o gùn bí àkàbà, tí ẹsẹ̀ mi ń fì dirodiro bíi tọmọ ọwọ́ nítorí rẹ!"

"Gbé ọ̀tún wá."

"Gbé òsì wá."

Wọ́n fà á títí aago fi lù. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, torí bàtà ọ̀hún tóbi ju ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lọ.

"Ó dáa, arábìnrin. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà láàárọ̀?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Iye tiwa náà nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ kan ni obìnrin náà fi gbé ìwé tó kọ nọ́ńbà bàtà sí kiri láti ilé dé ilé, tó ń bi gbogbo ènìyàn léèrè pé, "Níbo ni ẹnìkejì rẹ wà?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ẹnìkejì. Ọkùnrin kan yẹ nọ́ńbà tirẹ̀ wò, ó rí i pé ọwọ́ ìyá ìyàwó òun tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ni ọ̀tún wà, ìyá tí kò kí láti ọdún mẹ́ta nítorí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí nígbà tí ọ̀wọ́ méjèèjì, tí wọ́n ti parí ìjà, jùmọ̀ wọlé láàárọ̀, wọ́n jókòó méjì méjì sórí àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n káwọ́ gbera. Máníjà pe ìránṣẹ́.

"Lọ pe ọ̀wọ́ ọ̀sán wá!"

"Ọ̀gá, àwọn náà ló jókòó tì wọ́n yẹn."

"Ta ló wá kù?"

"Ó ku èmi àti ẹ̀yin, sà."

Máníjà bọ́ sídìí ẹ̀rọ pé òun fúnra òun á rán an. Kò sí àga tó ṣófo, ó wá dúró rán an. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bàtà kan ṣoṣo ló rí rán, ó sì ti rán an mọ́ apá ẹ̀wù ara rẹ̀. Ìyá Ẹnìkejì ló dìde láti bá a tú u. Bó ṣe ń tú u ló ń sọ fún un pé owó oṣù méjì làwọn fẹ́, owó gidi.

Ní ọjọ́ kẹta, máníjà ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ méjì, ó san án. Ó ní ìwà ìkà ni wọ́n hù sí òun, kí òun wá máa fi ọkọ̀ kan ṣoṣo rìn.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," Ìyá Ẹnìkejì ní, "ọkọ̀ kan ń rìn. Bàtà kan ni kì í rìn."

Ọ̀la ni oṣù yóò parí nígbà tó san owó ilé. Onílé kà á, ó wá béèrè bóyá bàtà náà ti ní ẹnìkejì báyìí.

Ìyá Ẹnìkejì àti ọkùnrin kúkúrú náà ti fi ìṣó kan àga ẹ̀rọ wọn mọ́ agbedeméjì. Ó ga ju bí ọkùnrin náà ṣe ń fẹ́ ẹ lọ, ó rẹlẹ̀ sí bí obìnrin náà ṣe ń fẹ́ ẹ. Ìyá Ẹnìkejì ṣì ń jókòó sórí rẹ̀ láàárọ̀, yàrá kan náà ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé.