Mo Fi Jíìpù Ògbólógbòó Lọ Ṣe Ọ̀wẹ̀ Àna

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàgámù, èmi nìkan ni mo ní irú ọkọ̀ yìí. Ẹ lọ bi wọ́n. Àwọn olówó tó kù, jíìpù tí gbogbo ayé ń gùn náà ni wọ́n ń gùn. Tèmi, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àpótí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà á. N kò kàwé, àmọ́ nínú òwò gbànja, kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan, ojú mi sì mọ ohun tó dára. Ìgbà tí mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ògèrè, tí koríko ti hù yí i ká, mo mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run fi í pamọ́ fún.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́. Lọ́jọ́ tí a wẹ ọkọ̀ náà, tí ààfáà ṣàdúrà tán, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rìn yí i ká, ó fọwọ́ gbá a nídìí.

"Àwọn tó bí i ńkọ́?"

"Wọn ò sí mọ́."

"Ó dáa. O ti gba ọmọ òrukàn tọ́. Ọjọ́ tí inú bá ń run ún, ta lo máa pè?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gan-an rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, pé tó bá dìgbà ọ̀wẹ̀ àna, wọn á rí ohun tí irin lè ṣe.

Lọ́dọọdún, nígbà tí gbànja bá gbó, mo máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ lẹ́yìn lọ bá ìyá ìyàwó mi ká obì lóko rẹ̀, lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́. Màmá yìí ló fún mi ní agbọ̀n obì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kà mí sí. Onípíkọ́ọ̀pù kan ló máa ń bá a kó o jáde. Lọ́dún yìí, mo dọ̀bálẹ̀: "Màmá, ẹ má pe ọkùnrin yẹn mọ́. Ọkọ ọmọ yín ti ní fóòwíìlì."

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá Ìbejì? Ọ̀nà yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni."

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Ó ránṣẹ́ sí onípíkọ́ọ̀pù pé kó má wulẹ̀ wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni táyà iwájú ò fà mọ́. Mẹkáníìkì mi tú u, ó mú irin kékeré kan jáde, eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Mo gbé irin náà lọ sí Èkó, sí ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó, bí ẹni pé egungun ẹranko ayé àtijọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀kan ní: "Dádì, ẹ gbé e sílé, ẹ máa fi ṣe ìrántí." Inú bí mi. Èmi! Kí n lówó lọ́wọ́, kí n má rí nǹkan rà!

Mẹkáníìkì ní kí n má gbé jíìpù náà wọ oko. "Ọ̀gá, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi níwájú àna. Ojú wo ni n óò fi wò ó?

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí a óò kó obì jáde lóko Màmá. A ti fọ́ obì kúrò nínú èèpo, ó kún inú agbọ̀n, a fi ewé bò ó. Obì tí a ti fọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá pẹ́ nínú ooru, á dúdú, wàhálà ọdún kan á di ti kòkòrò. A kó o sínú jíìpù. Kò tíì kúrò lẹ́nu oko tó fi rì. Mo tẹná mọ́ ọn: táyà ẹ̀yìn ń yí, ó ń da ẹrẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lára, táyà iwájú jókòó bí àlejò. Wọ́n tì í, wọ́n gé igi sábẹ́ rẹ̀. Ó tún rì sí i.

Màmá pe onípíkọ́ọ̀pù lórí fóònù. Ó ti wà ní Ogijo, ó ń kó ẹrù ẹlẹ́rù. "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má wá."

Màmá pa fóònù. Kò wò mí. Ó di òṣùká, ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n kan ru òun. Ìyá arúgbó! Mo sáré gbà á lórí rẹ̀, mo gbé e rù. Bí gbogbo wa ṣe ń ru obì nìyẹn, láti oko dé títì, nínú ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, oníyẹ̀yẹ́ burúkú, kígbe lẹ́yìn mi: "Ẹ yà fún fóòwíìlì! Ẹ yà!" Ọrùn ń ro mí.

Bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ ló bá wa kó obì náà lọ sí Ṣàgámù. Kò bàjẹ́. Jíìpù mi ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Màmá bu omi fún mi kí n fi ṣan ẹsẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, lọ́dún tó ń bọ̀, onípíkọ́ọ̀pù ni n óò pè."

"Màmá, tí mo bá ti rí irin yẹn rà..."

"Ẹ ṣan ẹsẹ̀ òsì náà."