Orúkọ tí a kọ sábẹ́ àwòrán ọkọ mi

Lónìí, mo wo fọ́tò ọkọ mi, n kò sì dá wọn mọ̀.

Dúpẹ́, ọmọ wa, ń gbé àkọsílẹ̀ ìṣirò tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ni sórí ìkànnì kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fọ́tò olóògbé ni ó fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ lórí fóònù láti ṣí i. Nígbà tí ó sọ fọ́tò náà di kékeré bí èékánná, awò ojú nìkan ni ó hàn.

"Mọ́mì, orúkọ abẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Dádì ti gùn jù, fóònù á gé e. Kí ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

N kò fi ẹnu mi pe orúkọ ọkọ mi rí. Mo ní, "Kọ Bàbá Dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì! Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ jàre. Ta ló máa mọ Dúpẹ́?"

Ó wo ojú mi, ó sì kọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí a ti gbé òkú wọn kúrò ní ilé wa ní Ìgàndò, n kò pe Bàbá Dúpẹ́ sókè títí di òní.

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ti lọ, orúkọ wo ni ẹ kò rí ẹni pè mọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.