Òkúta Gbígbóná Lẹ́yìn Ilé Wa

Ní oko bàbá mi, eku kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sá fún. Ẹran ni. A máa ń dẹ pàkúté sílẹ̀ dè é, a máa ń yan án lórí iná, a sì máa ń jà sí itan rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyàwó mi rí eku ńlá kan lẹ́yìn ilé wa nítòsí ọgbà Valence ní ìlú òyìnbó níbí, ẹ̀rín ló bú sí.

"Baba, ẹ wá wo ẹran oko o! Ó mà sanra ju èyí tí ẹ rà ní ọjà Barking lọ."

Àṣé òun gan-an ló ń bọ́ wọn. Ó máa ń da ìrẹsì tó bá ṣẹ́ kù sórí koríko fún àwọn ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ti yó lọ, àwọn ará abẹ́ ahéré pákó wa á jáde wá ṣa ìyókù.

Orí koríko yẹn náà sì ni ilẹ̀ àdúrà rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà aláṣọ funfun ni tiwa, a kì í wọ bàtà mọ́ aṣọ àdúrà. Ní ìdájí, á wọ sùtánà rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sínú ìrì, á dúró níbẹ̀, á máa dárúkọ àwọn ọmọ wa níkọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí. Òtútù ti jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì ni nílé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wá ń ṣe níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó rí eku tó sá kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ó figbe ta.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé! Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ sí o!"

"Kí wọ́n tọ̀. Ṣé èmi ni màá ra póò fún wọn ni?"

"Mọ́mì, mi ò ṣeré o. Àrùn wà nínú ìtọ̀ yẹn. Ojú ẹsẹ̀ tó sán báyìí ló ń gbà wọlé. Ibà á kọ́kọ́ mú èèyàn, ó lè di pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àbí ẹ ti gbàgbé ibà Lásà nílé? Ṣebí eku náà ló ń gbé e sínú gàrí."

Ìyàwó mi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ní wọ bàtà lórí ilẹ̀ àdúrà, kò sì fẹ́ gbàdúrà ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kó wọ bàtà òjò mi. Ó wò mí bí ẹni tó ní kí òun dáná ẹran lórí pẹpẹ.

"Ẹ wọ̀ ọ́ fúnra yín."

Oríkunkun rẹ̀ wà lára ohun tí mo fẹ́ ẹ fún, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo jẹ itan eku dàgbà, mo wá ń wo ẹyinjú ìyàwó mi láràárọ̀, bóyá ó ti ń pọ́n.

Ó gbà láti dáwọ́ ìrẹsì ẹyẹ dúró, ó kan ń bẹ àwọn ẹyẹ pé kí wọ́n má bínú ni. A pe ẹni tó ń pa eku, ó dí abẹ́ ahéré pa. Mo wá ra òkúta pẹlẹbẹ, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀yìn ilé wa, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè kúnlẹ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò tíì tán, pé eku ṣì lè gba orí òkúta kọjá. Ni mo bá wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, mo fi ọṣẹ apakòkòrò fọ̀ ọ́, mo sì da omi híhó inú kẹ́tùlù lé e lórí kí ìyàwó mi tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta, ó dúró díẹ̀, ó gbé ìkejì.

"Ó gbóná," ló wí.

"Nítorí eku ni."

"Nítorí eku?"

"Nítorí eku ni o, Ìyá Ìjọ."

Ó yíjú sí ìlà-oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí wa. Nígbà tó dárúkọ àwọn ọmọ tán, mo gbọ́ orúkọ tèmi. Ó ní kí Ọlọ́run wo orúnkún mi tó máa ń ro mí sàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí omi ọ̀la tún gbóná díẹ̀ sí i.