Búrẹ́dì Arúgbó Oníjà Lọ́jọ́ Tí Bàbá Wa Ti Mẹ́kà Dé

Àbúrò mi obìnrin ló kó mi sí i. Nígbà tó ti Àbíjàn dé sí Ẹ̀jìgbò, ó gbé ẹ̀rọ fídíò bọ̀, pẹ̀lú fíìmù Ṣáínà kan ṣoṣo. Fíìmù yẹn náà la ń wò nígbàkígbà tí iná bá dé. A ò gbọ́ nǹkan kan nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti máa dún. Ẹni tí a fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni arúgbó onírùngbọ̀n kan. Bí àwọn ọ̀tá bá yí i ká, á kọ́kọ́ jókòó jẹ búrẹ́dì funfun kéékèèké tí ẹran wà nínú rẹ̀, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, á fi apá aṣọ nu ẹnu, ìgbà náà ni á wá dìde lù wọ́n bí ẹni lu bàrà.

Bàbá wa ní àwọn kórìíra fíìmù náà. Bí wọ́n bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, ìjà àwọn aláìnítìjú lẹ tún ń wò?" Wọ́n á wá dúró díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lọ.

Lọ́dún tí wọ́n lọ Mẹ́kà, ìyá wa ní kí àwa méjèèjì wá ìpanu tí a ó gbé fún àlejò lọ́jọ́ tí bàbá bá dé, kí ìrẹsì tó jinná. Mo ní ká din pọfpọ́ọ̀fù. Àbúrò mi yínmú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, pọfpọ́ọ̀fù kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣe búrẹ́dì arúgbó yẹn."

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ṣebí à ń wò ó lójoojúmọ́!"

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ la ń wò, a ò rí i kí wọ́n sè é rí. Síbẹ̀ a po fúláwà mọ́ yíìsì, a lọ ẹran màlúù tí a ti bọ̀, a fi àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ sí i, a dì í sínú fúláwà náà, a sì sè é lórí ewé bíi mọ́ínmọ́ín. Èyí tí a kọ́kọ́ sè le bí òkúta. Mo sọ ọ̀kan sí ewúrẹ́ wa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìkánjú ni, a ò jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́. Nígbà tí a tún un ṣe, ó wú, ó rọ̀, àbúrò mi sì fò sókè.

Lọ́jọ́ tí bàbá wa dé, wọ́n jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú jàlàbíà funfun. A gbé abọ́ kalẹ̀. Àgbà Alhaji kan láti Masifa mú ọ̀kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni, sà," ni àbúrò mi dáhùn.

Wọ́n dá a padà kíá. "Ṣáínà? Ṣé àwọn yẹn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Ààfáà kan ti fi ọ̀kan sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ gọngọ. Wọn ò lè gbé e mì, wọn ò sì lè tu ú síwájú Alhaji tuntun. Mo ń búra pé ẹran màlúù ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan abọ́. Ìyá wa kàn ń wò mí bí ẹni pé kí n wọlẹ̀.

Bàbá wa bá mú ọ̀kan, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi apá jàlàbíà nu ẹnu. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n pariwo, "Hàáà!"

Arúgbó yẹn gẹ́lẹ́ ni! Ẹ̀rín bú gbàù. Ààfáà gbé tiwọn mì.

"Màlúù ni," bàbá wa wí. "Ẹ jẹun."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ń wò ó?" ni àbúrò mi bèèrè.

"Wo kí ni? Ẹnu ọ̀nà yín ni mo máa ń gbà kọjá."

Àwọn àlejò jẹ ẹ́ tán pátápátá. Alhaji Masifa tiẹ̀ ní ká di díẹ̀ fún àwọn ìyàwó àwọn. Nígbà tí ìrẹsì dé, kò sẹ́ni tó ráyè fún un mọ́, ìyá wa sì bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá wa wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní ṣé fúláwà ṣì kù.