Òfì Àbẹ̀kẹ́ ní Ilo-Awela

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì kan ní Ọ̀tà, fẹ́ ṣe ìdána, mo sì ń lọ wo òfì tí mo fi ránṣẹ́ sí aránṣọ rẹ̀.

Ọ̀nà dára títí a fi dé Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mọ́ínmọ́ín wọn kò ju ìdajì tiwa lọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Tìbínútìbínú ni mo fi jẹ ẹ́. Láti Ifọ̀ lọ, kòtò ló gba ọ̀nà, tírélà iléeṣẹ́ sì ń tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ débi pé n kò lè ka ọ̀kan tán kí òmíràn tó dé.

Awakọ̀ bi mí pé, "Màmá, ṣé ìsọjí lẹ ń lọ ṣe ni, àbí ẹ fẹ́ mú ọmọ wọ yunifásítì?"

"Aṣọ ni mo fẹ́ lọ wò."

"Háà! Láti Ìṣẹ́yìn tó jẹ́ ilé aṣọ?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní Sango, ní Ọ̀tà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé àdúgbò Ilo-Awela. Àbẹ̀kẹ́ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Sister Fúnmi, aránṣọ tó wá láti Òṣogbo. Áà, ẹ wo òfì mi lára rẹ̀! Wọ́n ti sọ ọ́ di kọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí wọ́n rán ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ yí ara ká, tí wọ́n wá fi okùn fà pinpin lẹ́yìn.

"Màmá, àwọn òyìnbó ayé Ọbabìnrin Fìkitóríà ló ni ín," ni Sister Fúnmi wí. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi de ọmọbìnrin ní ìbàdí. Tó bá wá dákú, wọ́n á ní bí obìnrin ṣe rí nìyẹn, kò lágbára."

"Wọ́n dè é tán, wọ́n tún ní kò lè rìn!" ni mo wí. Àwa náà máa ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọbìnrin, àmọ́ kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó ní kí n má jẹun yó.

Nílé wa, ọmọbìnrin kì í lọ ilé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó, orin tó fi ń dágbére fún òbí. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ sun díẹ̀ ká gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó dé orúkọ bàbá rẹ̀, èémí tán. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ṣé kí n tú u?" ni Sister Fúnmi bi í.

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló yan sítáì yìí. Àǹtí ní ìbàdí mi ò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Ilé tí ọmọ mi kò tíì wọ̀, wọ́n ti ń sọ bí yóò ṣe máa mí. Síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀ fún un. Òun ló ń lọ ilé ọkọ, kì í ṣe èmi.

Àbẹ̀kẹ́ wò mí, ó fi fóònù pe Àǹtí, ó sì tan sípíkà rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan kan." Ó sun ẹkún náà nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ já. Ó ní kí Sister Fúnmi tú okùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ki bàbá rẹ̀, ó kí èmi, ó kí ilé tó ń lọ. Àwọn tó ń kọjá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omijé bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà Àǹtí ní, "Ìyàwó wa, ṣé èmi náà wà lára àwọn tí o kí yẹn?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Àǹtí mi."

"Sọ fún aránṣọ kó yọ àwọn ọ̀pá yẹn dànù. Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ mi."

Sister Fúnmi ti ń yọ ọ́ nígbà tí mo dágbére.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Nígbà tí mo ń kúrò nílé ní òwúrọ̀, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Ọ̀tà lè ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ìrìn àjò yìí fi hàn mí pé ohùn rẹ̀ ṣì wà, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sókè. Inú mi dùn gidigidi. Bàbá rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi.

"Báwo ni aṣọ yẹn ṣe rí lára rẹ̀?"

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́," mo ní, "ó gba ọmọ yín láyè láti ki yín tán."